Ìwé Tí Ọ̀rẹ́ Ní Kí N Kà, Ìwé Gidi Ni. Ẹ Yé Fi Wá Ṣẹ̀sín

1/
Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì, ó ti wá kún mi lọ́fun báyìí.

Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ níbí pé òun ń gbádùn ìwé kan, tó wá fi kún un pé ọ̀rẹ́ òun kan lórí ayélujára ló ní kí òun kà á, kíá làwọn kan á ti yọjú: "Ìwé TikTok ni ìwọ náà ń kà?" "Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èrò wọ́." "Ariwo lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìwé."

Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

2/
Kí n sọ tèmi ní ṣókí kí n tó ṣàlàyé. Ìwé tí ọ̀rẹ́ bá fi ẹnu ara ẹ̀ júwe fún ọ̀rẹ́, ìwé gidi ni. Ẹni tó bá kà á, ìwé ló kà, kò jí nǹkan kan.

Kò sì tán síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá là ń sọ, ọ̀nà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù tó fi ń dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá ń fi ọ̀nà yẹn ṣẹ̀sín, kànga kan ṣoṣo tó kù ládùúgbò ló ń tọ̀ sí.

3/
Wọ́n ní òǹkàwé tòótọ́ máa ń fúnra ẹ̀ wá ìwé ni. Ó dáa. Ẹ bá mi dárúkọ ìwé kan péré tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sí yín lọ́wọ́. Kò sí. Tíṣà ló ní kí ẹ ka eléyìí. Bàbá yín ló ní tọ̀hún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó kù, àwọn tó ń fún òǹkọ̀wé lẹ́bùn nílùú òyìnbó ló kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin náà sì sáré lọ rà á.

Gbogbo wa là ń gba ìwé lẹ́nu ẹlòmíràn. Tí àwọn adájọ́ bá jókòó ní London, tí wọ́n ní ìwé kan dáa, làákàyè lẹ máa ń pè é. Tí ọ̀rẹ́ mi ní Òṣogbo bá ní ìwé kan dáa, ariwo lẹ máa ń pè é. Ṣé ẹnu ọmọ Òṣogbo ń rùn ni?

4/
Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tíṣà Yorùbá o. Àwọn ló kọ́ wa ní àmì ohùn, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san. Àmọ́ ẹ rántí bá a ṣe ka ìwé nílé ìwé. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí? Ta ló ń sọ ọ́ fún? Dárúkọ ẹ̀dá ìtàn márùn-ún." Ìdánwò parí, ìwé náà parí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ka ìwé tó dùn bí oyin láìmọ̀ pé ó dùn, torí máàkì là ń lé.

Ọ̀rẹ́ kì í bi èèyàn ní ìbéèrè ìdánwò. Ọ̀rẹ́ á fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ láàárín òru: "Ìwọ, ibo lo ka ìwé yẹn dé? Má tíì sùn o. Ka orí tó kàn kó o tó sùn."

5/
Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rán oleku lọ sóde, ìró tí kò kọjá orúnkún pẹ̀lú bùbá ẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ìwé ni? Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Ó Le Kú, ó jáde ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, aṣọ inú fíìmù yẹn tún gbòde, àwọn télọ̀ sì sọ ọ́ ní orúkọ fíìmù.

Èèyàn mélòó ló ń wọ orúkọ ìwé yẹn kiri tí kò tíì ṣí ojú ewé kan nínú ẹ̀?

6/
Bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe júwe ẹ̀ fún mi nìyí, mi ò fi kún un: "Ọmọ yunifásítì kan wà ńbẹ̀, Àjàní lorúkọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní kó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́ wà níbí, Lọlá wà lọ́hùn-ún, Ṣadé náà tún wà. Kà á, kó o wá sọ fún mi bóyá kì í ṣe ọkùnrin kan tí èmi àtìwọ jọ mọ̀."

Òru méjì ni mo fi kà á. Mo rí ọkùnrin yẹn nínú ẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ pé màá rí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé kankan tó lè ṣe ìyẹn fún mi, torí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé ò mọ̀ mí rí.

7/
Ẹlòmíràn nínú wa ló mú mi mọ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn fíìmù ọlọ́pàá àti ọ̀daràn. Ó ní, "O ń wo ọlọ́pàá Amẹ́ríkà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, o ò tíì pàdé Lápàdé." Bó ṣe bù mí ní Àjà Ló Lẹrù nìyẹn, ìwé 1969. Lẹ́yìn ẹ̀ ló tún ní kí n ka Àgbàlagbà Akàn, ti 1971.

Ọlọ́pàá àná ni Lápàdé, àmọ́ kò lè fi ọ̀daràn sílẹ̀. Èdè inú ìwé yẹn gbóná. Èèyàn á máa bú ara wọn, á máa pa òwe, á máa sá, á máa lé, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ sí i, Kọ́lá Akínlàdé ń bẹ: Owó Ẹ̀jẹ̀, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ṣé orúkọ ìwé kejì yẹn ò ti máa pè yín?

Ẹ wá ń sọ fún mi pé oríkì àti ìkíni nìkan ni Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe.

8/
Kí ni ọ̀rẹ́ ní tí ìpolówó ò ní? Nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ọ̀rẹ́ mọ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé ìyá ẹ ń ṣàìsàn lọ́wọ́, kò ní gbé ìwé tí ìyá ti ń kú fún ẹ lóṣù yìí.

Èkejì, ọ̀rẹ́ ń dúró dè ẹ́. Ó fẹ́ kó o parí ẹ̀ kẹ́ ẹ lè jọ sọ ọ́. Ìwé tí ẹnì kan ń dúró dè ẹ́ lórí ẹ̀, o máa parí ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, o lè bá ọ̀rẹ́ jà. Tó bá fi ìwé burúkú pa àkókò ẹ, o máa bú u, òun náà á sì fetí sílẹ̀ nígbà míì. Ta lẹ fẹ́ bú nígbà tó jẹ́ fóònù ló gbé ìwé náà wá síwájú yín?

9/
Àwa díẹ̀ la wà nínú ẹgbẹ́ tèmi. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn, ẹnì kan wà ní Àkúrẹ́, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Manchester, ẹnì kan wà ní Kétu, ní ilẹ̀ Bìnẹ̀. A ò tíì jókòó sínú yàrá kan náà rí. Síbẹ̀, mo mọ irú ìwé tó máa pa kálukú wọn lẹ́rìn-ín.

Ẹni tó wà ní Manchester sọ pé òun ò gbọ́ Yorùbá gidi lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì, àfi tóun bá ṣí ìwé tí a jọ ń kà. Ẹ tún un kà o. Ìwé tẹ́ ẹ ń pè ní ìwé ariwo ni ẹnì kan fi ń gbọ́ èdè ìyá ẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

10/
Ti Kétu tún yàtọ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé láti kékeré. Yorùbá ló ń sọ nílé, ó sì mọ̀ ọ́n sọ ju tèmi lọ, àmọ́ kò bá ìwé Yorùbá pàdé nílé ìwé. Lọ́dọ̀ wọn, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ohun tí àwa ń fi ẹ àti ọ kọ, torí náà ìwé tiwa máa ń ṣe ojú ẹ̀ bákan níbẹ̀rẹ̀.

Kí la ṣe? Ẹnì kan nínú wa ń ka orí kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, ó ń fi ohùn ránṣẹ́. Òun náà á ṣí ìwé, á máa fi ojú tọ ohùn lẹ́yìn. Ní báyìí ó ti ń dá kà. Kò sí ìjọba kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí àjọ tó fowó sí i. Ọ̀rẹ́ ni.

11/
Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ohun tó bá ti orí ayélujára wá ò lè jẹ́ lítíréṣọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀.

Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ròyìn bó ṣe fi ọkùnrin ṣeré l'Ékòó nígbà èwe ẹ̀. Lẹ́tà kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ 1930. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. Àwọn náà ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa ẹ̀.

Ta ló ń kọ ọ́? I. B. Thomas ni, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra ẹ̀. Ní 1930 ó kó gbogbo lẹ́tà yẹn jọ sínú ìwé kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

12/
Ẹ wò ó dáadáa. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ń fèsì sí i. Wọ́n ń jiyàn bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó bá pàdánù tọ̀sẹ̀ yìí á máa bi ẹlòmíràn pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ohun tá à ń ṣe níbí gan-an nìyẹn! Láàárín ìjíròrò àwọn òǹkàwé ni ìtàn àròsọ Yorùbá ti yọrí. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń sọ pé àwa ń ba ìwé jẹ́ pẹ̀lú ariwo wa, ẹ kọ́kọ́ lọ bi Ṣẹ̀gilọlá.

13/
Ẹ tún wo Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ìwé tí Ṣóyínká wá túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Nínú ìwé yẹn, Àkàrà-ògùn wá bá ẹnì kan nílé, ó ní kó jókòó kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ó sọ tọjọ́ àkọ́kọ́, ó lọ. Nígbà tó fi máa padà wá, ìròyìn ti tàn, àwọn èèyàn ti kóra jọ, wọ́n fẹ́ gbọ́.

Fágúnwà mọ nǹkan tó ń ṣe. Ìtàn tó bá dùn, ẹni tó gbọ́ ọ lánàá kì í lè pa ẹnu mọ́. Ó gbọ́dọ̀ lọ pe ẹlòmíràn.

14/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Àmọ́ gbogbo yín lẹ ń ka ìwé kan náà." Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, mi ò ní jiyàn. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé tí mo bá ṣí fóònù, Colleen Hoover ni, Colleen Hoover náà ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ kókó tó wà níbẹ̀. It Ends with Us ti jáde láti 2016. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn ọmọdébìnrin tó ń sunkún lórí TikTok tún gbé e dìde, tó wá ń tà ju ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Ìwé tó ti wà lórí àtẹ tipẹ́ ni, ọ̀rẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́, ó di tuntun.

Tí ẹnu ọ̀rẹ́ bá lè ṣe ìyẹn fún ìwé Amẹ́ríkà, kí ló ní kó má lè ṣe é fún Àjà Ló Lẹrù? Iná tó ń se ọbẹ̀ aládùúgbò, ẹ máa bínú sí i, àbí kẹ́ ẹ gbé ìkòkò tiyín kaná?

15/
Mi ò sì sọ pé kẹ́ ẹ má ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rẹ́ kan náà tó fún mi ní Ó Le Kú ló kọ́kọ́ ní kí n ka Stay With Me, ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, èyí tó jáde ní 2017. Yéjídé àti Akin, ní Iléṣà, tọkọtaya tí ọmọ ò tètè dé fún, tí ẹbí wá fẹ́ ìyàwó kejì lé obìnrin náà lórí. Mo sunkún. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń gbọ́ Yorùbá lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti sọ pé, "Ó dáa, wá wọnú yàrá náà báyìí." Ìwé kan ló ṣílẹ̀kùn fún èkejì. Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń mú èèyàn rìn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀sín, ẹnu ọ̀nà lẹ jókòó sí, ẹ ò jẹ́ kó wọlé.

16/
Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún náà wà ńlẹ̀. Ẹni tó gbowó láti yin ìwé, tó wá ń ṣe bí ẹni pé ọkàn ẹ̀ ló ń sọ ọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́, alápolówó ni. Kò sí ohun tó burú nínú ìpolówó, iṣẹ́ ni. Àmọ́ sọ pé o gbowó. Tó o bá pa á mọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo wa lò ń ná.

Ẹ má wá torí olè kan ti gbogbo ọjà pa. Alápolówó ń parọ́, ìyẹn ò sọ ọ̀rẹ́ mi di òpùrọ́.

17/
Ní báyìí, kí n yíjú sí àwa fúnra wa. Ẹ̀yin tá a jọ wà nínú ọkọ̀ yìí, ẹ jókòó.

Ẹ wo àwọn ìwé tá a máa ń tò síta ní ìparí ọdún. "Àwọn ìwé tí mo kà lọ́dún yìí." Ọgbọ̀n ìwé. Ogójì ìwé. Ọmọ Yorùbá ló tò ó, orúkọ ẹ̀ ní àmì ohùn, àwòrán ẹ̀ wà pẹ̀lú gèlè. Ìwé Yorùbá mélòó ló wà ńbẹ̀? Òdo.

A máa ń sọ pé ìjọba ló pa èdè, pé ilé ìwé ló pa èdè, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "fẹ́náákúlà" ní kíláàsì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ilé ìwé kọ́ ló tò ìwé ọgbọ̀n yẹn. Kò sẹ́ni tó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa níbí.

18/
"Àmì ohùn ló ń dà mí láàmú." Mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀. Ẹ wò ó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọ̀kan fẹ́ ẹ, ọ̀kan ń ro oko ẹ, ọ̀kan gbé ẹ lọ sí Mushin, ọ̀kan lè gún ẹ pa. Àmì yẹn ni kò jẹ́ kó o gun ọkọ ẹlòmíràn lọ sí ibi iṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ láti ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni.

Ka ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ sókè. Kà á bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ó máa nira, ahọ́n ẹ máa kọsẹ̀. Tó bá fi máa di ojú ewé ogún, etí ẹ á ti máa ṣáájú ojú ẹ. Ṣebí Yorùbá tí kò ní àmì kankan lẹ ń kà níbí lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín.

19/
Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó máa mú kí àwọn kan bínú sí mi: PDF.

Tí mo bá dárúkọ ìwé kan níbí, kí n tó mí, ogún èèyàn ti wọ DM: "Ẹ fi PDF ẹ̀ ránṣẹ́." Òǹkọ̀wé tó wà láàyè, tó ń san owó ilé, ẹ ní kí n jí iṣẹ́ ẹ̀ fún yín. Ọ̀rẹ́ kì í fi ẹran onílé ṣe àlejò.

OkadaBooks ni ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ti ń ta ìwé lórí fóònù ní owó tí kò ga. Ní 2023 wọ́n tì í pa. A dárò lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa la kọ "ó mà ṣe o." Ẹ jẹ́ kí kálukú bi ara ẹ̀: ìwé mélòó ni mo rà ńbẹ̀ kó tó kú?

20/
Kódà ti àwọn tó ti kú ṣì ní ẹni tó ni ín. Òfin Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ ẹ̀ máa wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Fágúnwà kú ní December 1963. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó di ìparí 2033 kí àwọn ìwé ẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Títí dìgbà yẹn, ẹbí ẹ̀ àti àwọn tó tẹ ìwé náà ló ni owó yẹn.

Mo mọ̀ pé owó ò sí. Èmi náà ò ní in. Àmọ́ ọ̀nà wà. Àwa márùn-ún máa ń dá owó jọ ra ẹyọ kan. Ẹni tó bá parí ẹ̀, á gbé e lọ sí gáréèjì, dẹ́rẹ́fà á gbé e dé ìlú tó kàn. Ìwé kan ti ti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́ tó sì padà, ọbẹ̀ ti ta sí i lára, kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

21/
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ júwe ìwé, ẹ júwe ẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń ṣe é.

Kà á tán kó o tó yìn ín. Má kàn ya àwòrán èèpo ẹ̀ pẹ̀lú kọfí.

Sọ ẹni tó wà fún. "Ó dùn gan-an" ò sọ nǹkan kan. "Ìwọ tí bàbá ẹ kì í sọ̀rọ̀, kà á," ìyẹn sọ nǹkan.

Sọ ibi tó kù sí. Tó bá falẹ̀ láàárín, sọ pé ó falẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé o lè sọ àléébù, á gbà ẹ́ gbọ́ tó o bá yìn.

Tí wọn ò bá fẹ́ràn ẹ̀, má bínú. Gbé òmíràn fún wọn.

22/
Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kà á, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹ yé sọ pé ọ̀dọ́ ò kàwé mọ́. Ìwé tí ẹ kà nígbà èwe yín wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, ikán ń bá yín kà á. Ẹ mú un jáde. Ẹ sọ fún wa èwo ló mú yín jí lóru, èwo lẹ fi pamọ́ fún ìyá yín. Ẹ má fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún wa bí ọ̀rẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa la ní dátà, ẹ̀yin lẹ ní ìwé.

23/
Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára nìyí. Adébáyọ̀ Fálétí lọ ní 2017. Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ ní 2018. Wọn ò lè wá polówó Ọmọ Olókùn Ẹṣin tàbí Ó Le Kú mọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìwé tí mo wọ̀, ìwé ìdánwò àti ìwé àdúrà ló kún àtẹ wọn. Tí mo bá béèrè ìwé ìtàn Yorùbá, wọ́n á ní kí n padà wá.

Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá ìwé kan mọ́, wọn ò ní tún un tẹ̀. Tí wọn ò bá tún un tẹ̀, ọmọ tí a máa bí lọ́la ò ní rí i. Ohun tó wà láàárín ìwé yẹn àti ikú ni ẹnì kan tó máa sọ fún ẹnì kan pé, "Lọ ka eléyìí." Ẹ wá fẹ́ kí ojú ti ẹni yẹn?

24/
Ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, àyè wà.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ dárúkọ ìwé Yorùbá kan ṣoṣo sísàlẹ̀ yìí. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ nìkan. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kan, kẹ́ ẹ sọ fún un ìdí tó fi yẹ kí òun gan-an kà á.

Èmi á bẹ̀rẹ̀: ìwọ ọmọ Àkúrẹ́ tó o máa ń sọ pé o mọ apààyàn kí fíìmù tó dé ìdajì, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? wà ní gáréèjì láti àárọ̀. Lọ gbà á.